Ohun Tó Ń Mu Iná Mọ́tò Káfíńtà

Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Ẹ̀ga. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò lẹ́nu géètì títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ní ìkángun. Nígbà tí ọmọ náà kú, orúkọ yẹn kú mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Wọ́n kàn ń yẹra fún un díẹ̀díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń yẹra fún ilẹ̀ tó ń yọ̀, títí ó fi di pé Ìyá Oníná ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ iná mọ́tò tó ń ṣe. Wọ́n pè é, ó jẹ́ wọn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán an gbé lọ fún ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti gbé abọ́ kalẹ̀, kò ní lọ mọ́. Yóò lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, yóò máa wo bí bàbá kékeré ṣe ń fi tẹ́sítà wá ibi tí iná ti já. Nígbà tó yá, bàbá kékeré ní, "Ọmọ yìí, gba tẹ́sítà yìí dání, kí ojú ẹ lè kúrò lára ẹran mi." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọkùnrin náà tẹnu mọ́ jù ni pé iṣẹ́ iná kì í ṣe iṣẹ́ àméfò. "Ibi tó ti ń bọ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀," a máa wí, "kó o máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá ti sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà."

Iṣẹ́ yìí náà ló fún un lọ́kọ. Lọ́jọ́ kan, họ́ọ̀nù mọ́tò kan ń ké bọ̀ láti òpin títì bí ẹran tí wọ́n ń pa. Káfíńtà ló wà á, pákó wà lórí mọ́tò, òógùn bò ó lójú. Tó bá ti yí sítíárìn sí òsì, họ́ọ̀nù á ké. Tó bá yí i sí ọ̀tún, á dákẹ́. Ó ní láti ilé òun títí dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣépè fún òun, awakọ̀ kan tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti wá gbá òun létí, àfìgbà tó rí i pé ọwọ́ òun ò kan họ́ọ̀nù rárá. Ọmọge oníná tú ìdí sítíárìn, ó rí wáyà kan tí ara rẹ̀ ti bó, tó ń kan irin. Ó wé e, ó so ó, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà tún dé.

"Ṣé ó tún ń ké ni?"

"Kò ké mọ́."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan," ni káfíńtà wí, ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ni nǹkan ń ṣe."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n fẹ́ra. Wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ, ọ̀kan ṣoṣo náà sì ni, obìnrin. Ẹnu ọmọ yìí kì í sinmi. Bó bá jí, ẹjọ́. Bó bá ń jẹun, ẹjọ́. Lójú oorun pàápàá, á máa bá ẹni tí wọn ò mọ̀ jiyàn. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹ̀ga, orúkọ ẹyẹ tí kì í panu dé lórí igi. Ibi tí Ẹ̀ga fẹ́ràn jù láyé ni ìjókòó iwájú nínú mọ́tò bàbá rẹ̀. Á jókòó síbẹ̀, á kọjú sí rédíò, á máa ka ìròyìn ilé wọn fún gbogbo ayé gbọ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin bá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dà á sínú fúláàṣì, ó sì fi í sójú rédíò mọ́tò. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀ga kọ́kọ́ gbọ́ ara rẹ̀ nínú rédíò, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó dákẹ́. Bàbá àti ìyá wo ara wọn, wọ́n ní àfi kí àwọn pe aráyé wá wo ohun tójú àwọn rí.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé ibà lásán ni. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sá sókè, wọ́n sá sódò. Àìsàn náà ò dúró gbẹ́bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé káfíńtà ti pa rọ́rọ́.

Àwọn ènìyàn wá. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá Oníná á mi orí, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bi wọ́n pé agbè wo ni kò fọ́. Òun ni agbè. Òun ló mọ̀ bí òun ṣe rí.

Kò lè wo nǹkan ọmọ náà sójú. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, aṣọ, bàtà, ìwé, títí kan ṣíbí kékeré tó fi ń jẹun, ó dì wọ́n sínú àpò, ó gbé wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní kó bá òun fi ta àwọn tí kò ní lọ́rẹ. Bó ṣe ń kó wọn, káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò ó. Kò ní kó má kó wọn. Kò sunkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ, kò sẹ́ni tó rí omi lójú ọkùnrin náà. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́ pákó, ó ń kan àga. Èyí ló dun ìyàwó rẹ̀ ju ikú fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkúta ló wà láyà yín ni?"

Káfíńtà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wò ó títí, ó dìde, ó lọ jókòó síta.

Láti ìgbà náà, wọ́n di bí ayálégbé méjì tó jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Ẹni tó bá kọjá níta á ní ilé àlàáfíà ni.

Ọdún yípo. Mọ́tò káfíńtà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Bó bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á gbọ́ ta, ta, ta, ó parí. Ó tì í dé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó," bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá Oníná ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo bátìrì, ó ti gbẹ pátápátá. Ó fún un ní iná, ó dúró, bátìrì gbà á, ó sì dì í mú. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó fi mítà wo ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ó fọ orí bátìrì, ó dì í le, ó dá mọ́tò padà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, mọ́tò tún kú. Ó ní bóyá bátìrì ti gbó. Ó fi tuntun sí i. Tuntun náà kú.

Mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí tirẹ̀, ẹni tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ọ̀gá Aláwàdà, yọjú. "Ìyá Oníná, mọ́tò ọkọ oníná ló ń kú báyìí? Ẹ jẹ́ kí n yáa lọ ra kẹ̀kẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní iná ń jò níbì kan. Ó tú orí bátìrì kan, ó fi mítà sáàárín, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó dúró kí mọ́tò sùn dáadáa. Bí iná bá ń jò, mítà á sọ. Mítà ò sọ nǹkan kan, àfi díẹ̀ báyìí tí aago iwájú ń lá. Ó yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná búùtù, kò sí. Iná inú mọ́tò, kò sí. Họ́ọ̀nù, wáípà, kò sí. Ó dojú bolẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fọwọ́ tẹ̀ lé wáyà láti orí dé ìdí, kò rí ibi tó bó, kò rí ibi tó jó. Mọ́tò náà ò lárùn kankan.

Ó jókòó sínú mọ́tò láti ronú. Ìgbà yẹn ló rí i pé ẹsẹ̀ òun ò dé bíréèkì. Wọ́n ti tari ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn gan-an, wọ́n sì ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, bí ti ẹni tó ń sùn. Káfíńtà kì í wakọ̀ báyẹn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí mọ́tò ká, ó rí nǹkan kejì lẹ́yìn: ipa àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn kún orí búùtù, lẹ́bú pákó ló sì yà wọ́n síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọwọ́, èyí tó ti pẹ́ àti èyí tí kò tíì pẹ́. Àwọn ènìyàn ń ti mọ́tò yìí. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n sì ti ń tì í, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà náà ló yé e. Iná ò jò. Ẹnìkan ló ń mu ún. Ẹnìkan ń jókòó sínú mọ́tò yìí lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnì á kú, nǹkan kan á máa jẹ iná títí bátìrì á fi gbẹ, àwọn onípákó á wá tì í kó tó lè délé.

Ó bi ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. "Ṣé ẹ máa ń tan nǹkan sílẹ̀ nínú mọ́tò ni?"

"Rárá," ni káfíńtà dáhùn, kò gbójú sókè.

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Kí ni ọkùnrin á máa fi ìjókòó tó tẹ́ sílẹ̀ ṣe lọ́sàn-án? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: obìnrin ni. Ó yà á lẹ́nu pé kò bínú tó bó ṣe yẹ kó bínú. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọkùnrin náà ti rí ibi tó ti lè gbàgbé, òun ò sì rí.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gun alùpùpù lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹ̀rọ ń pariwo, lẹ́bú pákó ń fò kiri. Ó gba ẹ̀yìn yí ká, ó sì rí mọ́tò náà lábẹ́ igi, lẹ́yìn òkìtì pákó tí wọn ò tíì là. Wọ́n ti yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sísàlẹ̀. Ó rọra ń sún mọ́ ọn, ó ti to ohun tó fẹ́ sọ fún obìnrin náà sẹ́nu.

Ẹ̀rọ ìlàpákó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa nílé, lọ́jà àti nínú mọ́tò. Èmi Ẹ̀ga ni mo fẹ́ ka ìròyìn. Ìròyìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni pé Ìyá Ẹ̀ga tún ti jó ìrẹsì lónìí. Ìyá Ẹ̀ga ní iná ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣojú wọn ní ó gbàgbé ni. Bákan náà, Bàbá Ẹ̀ga fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí ajá aládùúgbò fi sá wọlé. Bàbá Ẹ̀ga, kí lẹ ní láti sọ fún àwọn olùgbọ́ wa?"

Káfíńtà nìkan ló wà nínú mọ́tò. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dijú, ètè rẹ̀ ń bá ọmọ náà ka ìròyìn ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Nígbà tó kan ìbéèrè, ó dáhùn sókè, òun àti ohùn rẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú rédíò lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ bá mi sọ fún ìṣó kó má sáré mọ́."

Ọmọ inú rédíò bú sẹ́rìn-ín. Omi ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú káfíńtà lọ sínú etí rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyá Oníná ò lè dúró. Kò lè wọ inú mọ́tò, kò lè pe ọkọ rẹ̀, kò lè gbọ́ ohùn náà síwájú sí i. Ó yíjú, ó sáré láàárín pákó bí olè, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò sì padà mú un. Nílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ di ẹnu, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nírọ̀lẹ́, ó bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ ibi tó dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí káfíńtà fi mọ́tò sílẹ̀ fún òun. Ó wá bátìrì kejì, ó kan irin sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn láti gbà á, ó fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sídìí rédíò. Ó fara balẹ̀ ṣe é ju bó ṣe ń ṣe ti oníbàárà lọ, ó ń wé gbogbo oríkèé, ó ń fà á wò bóyá ó lè bọ́. Nígbà tí káfíńtà wá gbé mọ́tò rẹ̀, ó bèèrè pé kí ló ṣe é.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ni Ìyá Oníná wí, ó ń nu ọwọ́. "Bátìrì kan ò tó fún iṣẹ́ tí ẹ ń gbé fún un ni. Mo fi ìkejì sí i. Rédíò nìkan ló wà fún. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, á máa gbaná. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, ó dá dúró ní tirẹ̀. Ẹ lè jókòó níbẹ̀ títí dìgbà tó bá wù yín. Wọn ò ní tì yín mọ́."

Káfíńtà dúró bí igi. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo àti iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níṣojú gbogbo ọgbà. Ọ̀gá Aláwàdà ń bọ̀, ó rí wọn, ó yí padà, ó sì ń fọwọ́ lé àwọn yòókù sẹ́yìn.

Ìyá Oníná jókòó tì í. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀. Mo pè yín ní olókùúta àyà."

"O kó gbogbo nǹkan ẹ̀ lọ," ni ọkùnrin náà wí. "O ò fẹ́ẹ́ rí wọn. Mi ò bá ẹ wí, bó ṣe rí lára ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé bó o bá rí i, wàá kó òun náà lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un débi tí kò rò pé nǹkan tún lè gún mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ."

"Má gbọ́ ọ."

"Kí ló dé?"

"Ìparí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ìparí ẹ̀. Èmi náà máa ń pa á kó tó débẹ̀."

"Mo ní ẹ tàn án."

Wọ́n wọ inú mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀: ìrẹsì tó jó, àtàǹpàkò, ajá aládùúgbò. Káfíńtà ò dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ẹ̀rín ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí rédíò, ìyàwó rẹ̀ sì di ọwọ́ náà mú. Rédíò ń bá a lọ. Láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná, ohùn obìnrin kan ké wọlé, ohùn tí ó ti rẹ̀:

"Ẹ̀ga! Jáde nínú mọ́tò yẹn! Ariwo ẹ ti pọ̀ jù, etí mi ti di!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà dáhùn, "ó ku eré ìdárayá!"

Ibẹ̀ ló parí sí.

Ìyá Oníná gbá orí mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. "Mo ní ariwo ẹ̀ pọ̀. Ọmọ mi, mo ní ariwo ẹ̀ pọ̀."

"Kò síyàá tí kì í sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ò sọ ọ́."

"Èmi náà sọ ọ́, àìmọye ìgbà," ni káfíńtà wí. "Wọn ò gbà á sílẹ̀ ni."

Wọ́n jókòó sínú mọ́tò náà títí àwọn ará ọgbà fi palẹ̀ mọ́, tí oníkálukú lọ sílé rẹ̀.

Káfíńtà ní òun á bẹ àbúrò ìyàwó òun kó gé ìparí náà kúrò. Ìyá Oníná kọ̀. Ó ní ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ló kù láyé tí òun ti pe ọmọ òun, tí ọmọ òun sì dá òun lóhùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

A ò ní parọ́ pé ara wọn yá. Obìnrin náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti wo ohun tó ṣì kù nínú nǹkan ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní gbogbo rẹ̀ ti lọ, òun ti pín in bó ṣe ní kí òun ṣe. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ báyìí, nígbà mìíràn nípa iṣẹ́, nígbà mìíràn nípa ọmọ náà. Bí ọ̀kan bá ń sunkún, ìkejì kì í jáde fi í sílẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, káfíńtà á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà bá lágbára, á wọ mọ́tò, wọn á jọ lọ sábẹ́ igi. Lọ́jọ́ tí kò bá lágbára, á ní kó máa lọ. Á padà jókòó, á máa tú ẹ̀rọ mọ́tò ẹlòmíràn, omi ojú rẹ̀ á máa kán sórí wáyà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kúrò, oníbàárà á sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi ṣe tán.